Bí mo ṣe ka ọdún lára òkúta ibojì àwọn Júù ní Merthyr

Ọmọ mi obìnrin ni wọ́n fún níṣẹ́ àmúrelé pé kó wá ilé ìjọsìn àtijọ́ kan, kó sì sọ ìtàn rẹ̀. Èmi ni iṣẹ́ náà já lé léjìká. Láti Cardiff la ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Merthyr Tydfil, ní ilẹ̀ Wales níbí, a wá fẹsẹ̀ gun òkè dé Bryntirion Road. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró mí.

"Mọ́mì, ẹ wo dírágónì lórí òrùlé!"

Lóòótọ́, dírágónì, àmì ilẹ̀ Wales, ló dúró sórí sínágọ́gù, ilé ìjọsìn àwọn Júù. Àwọn àlejò yìí mà gba ìlú náà nílùú o! Ọdún 1877 ni wọ́n parí ilé náà, nígbà tí irin àti èédú ń kó èrò wọ̀lú. Àwọn Júù ń ta aṣọ, wọ́n ń tún aago ṣe, wọ́n sì ń yáni lówó gba ohun ìdógò. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, àwọn ọmọ wọn ṣí lọ. Wọ́n ta sínágọ́gù náà ní 1983, ó tiẹ̀ di jíìmù nígbà kan. Ní 2019, àjọ kan, Foundation for Jewish Heritage, rà á, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìtàn àwọn Júù ilẹ̀ Wales. Títì la bá ilẹ̀kùn.

La bá kọjá sí itẹ́ òkú wọn ní Cefn Coed. Mo ti tọrọ ààyè ṣáájú. Lẹ́tà Hébérù ni wọ́n fi ń kọ ọdún kàlẹ́ńdà tiwọn, nítorí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Mo tẹ ìwé tó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ dání. Òkúta kan ní ת (400), ר (200), ס (60) àti ד (4). Ó di 664, wọn kì í sábà kọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún iwájú rẹ̀. Ẹ ro 1240 mọ́ ọn, ọdún tiwa nìyẹn: 1904.

Àmọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ òkúta kan náà, October 1903 ni wọ́n kọ. Mo ní ọmọ yìí ló ṣírò gbòdì. Ó ṣírò lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jẹ́ 1904. Ìgbà tí mo wo ìwé náà dáadáa ni mo rí i pé nǹkan bíi oṣù kẹsàn-án ni ọdún tuntun wọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni náà bá kú lẹ́yìn ọdún tuntun ṣùgbọ́n kó tó di January, 1239 la ó rò mọ́ ọn.

Ọmọ mi mú òkúta kékeré kan, ó gbé e sórí ibojì náà bó ṣe rí i lórí àwọn tó kù. Ó sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé màmá òun ló ṣì í.