Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Tensioner Oníke Inú Jaguar V8 Àtijọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ní Jaguar XJ8 tàbí XK8 tó jáde láàárín 1996 sí 2001, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ọkọ̀ náà tó fi ojú yín rí màbo. Ẹ́ńjìnnì V8 inú wọn, tí wọ́n tò ní Bridgend ní Wales, ẹ́ńjìnnì gidi ni. Ó lágbára, kò láriwo, ó sì ń rìn jìnnà bí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Àléébù rẹ̀ tó burú jù ni pé ike ni wọ́n fi ṣe ara tensioner kékeré méjì, ìyẹn ohun tó ń ti ṣéènì kó má bàa dẹ̀, tó wà lókè ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ooru ti ń jẹ ike yẹn láti ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti gbẹ, ó ti ń sán. Nígbà tó di 2001 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi onírin sí i, onírin yìí náà sì ni ẹ máa rà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Lápá kọ̀ọ̀kan, ṣéènì gígùn kan ti ìsàlẹ̀ wá, láti ara crankshaft, ọ̀pá ńlá tí písítìnì ń yí, ó ń yí camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Camshaft yìí ló tún ń fi ṣéènì kúkúrú kan yí èkejì rẹ̀, tó ń ṣí fáàfù tí èéfín ń gbà jáde. Àárín àwọn camshaft méjèèjì ni tensioner wà, òun ló ń ti ṣéènì kúkúrú náà kó má bàa dẹ̀. Bó bá fọ́, ṣéènì á dẹ̀, á fo eyín, fáàfù á sì kọlu písítìnì. Tó bá ti débẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tensioner mọ́, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì míì ni.

Ó sábà máa ń pariwo kó tó fọ́. Ní àárọ̀, bí ẹ bá ṣíná ọkọ̀ tó ti tutù, ẹ máa gbọ́ ìró kan níwájú ẹ́ńjìnnì bí ìgbà tí èèyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, á sì dákẹ́ bí ọ́ìlì bá ti gòkè. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní tápẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn irin kékeré tó wà láàárín camshaft àti fáàfù. Ẹ má gbà. Tápẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣe irú èyí tí ọ́ìlì ń kún inú rẹ̀, nítorí náà kò lè máa pariwo torí pé ọ́ìlì ṣàn kúrò nínú rẹ̀ lóru. Ẹ má sì tìtorí pé kò pariwo sọ pé ó dára. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, tí kò sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣí i wò kí ẹ tó máa gbé e rìn.

Ohun tí ẹ máa rà

Tensioner onírin méjì, tuntun. Bí ó bá jẹ́ Ládípọ̀ lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ má ra ẹrù Belgium, nítorí ike tó ti gbẹ náà ni wọ́n máa yọ lára ẹ́ńjìnnì míì fún yín. Ẹ tún ra gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì méjèèjì, àti rọ́bà ihò plọ́ọ̀gì, torí àwọn àtijọ́ ti le, ọ́ìlì á máa jò níbẹ̀. Ẹ wá cable tie tó dáa, ọ̀dà funfun díẹ̀, tọ́ọ̀ṣì, àkísà mímọ́, àti torque wrench kékeré, sípánà tó ń wọn bí bóòtù ṣe le tó, tó lè ka Nm 10. Ẹni tí kò bá rí torque wrench yá, kó dá iṣẹ́ náà dúró títí á fi rí i. Inú irin fúyẹ́ ni àwọn bóòtù yìí ń wọ̀, kò sì pẹ́ tí okùn ihò wọn, ibi tí bóòtù ń dì mú, fi ń já.

Ṣíṣí i

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ sì tú orí bátìrì. Ẹ yọ ọ̀nà afẹ́fẹ́, ìdérí kọ́ìlì, àti kọ́ìlì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹ fẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ihò plọ́ọ̀gì kí ẹ tó tú plọ́ọ̀gì. Bí plọ́ọ̀gì bá ti jáde, ẹ́ńjìnnì á rọrùn láti fi ọwọ́ yí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú bóòtù ìdérí òkè, kí ẹ sì gbé e kúrò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀, ẹ fi àkísà dí ihò ńlá tó wà níwájú, níbi tí ṣéènì ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Bóòtù kan ṣoṣo tó bá já síbẹ̀ lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di ti ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ wo tensioner àtijọ́ náà dáadáa lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ẹ máa rí ìlà tín-ín-rín níbi tí bóòtù gba inú ike náà kọjá, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí ṣéènì ń fara nù ti já díẹ̀díẹ̀. Bí ègé kan bá sọnù, ó ti wà nínú agbada ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ agbada náà kalẹ̀, kí ẹ fọ asẹ́ tó ń fa ọ́ìlì, torí ègé yẹn lè dí i.

Gbígbé ẹ́ńjìnnì sí ipò

Ẹ yọ àkísà, kí ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yí bóòtù iwájú crankshaft sí apá ọ̀tún, bí aago ṣe ń yí. Ẹ má yí i padà sẹ́yìn láé, kódà bó bá kọjá ibi tí ẹ fẹ́ díẹ̀. Ẹ tún un yí lọ síwájú títí á fi dé ibẹ̀. Lára camshaft kọ̀ọ̀kan, ojú pẹrẹsẹ kan wà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti kọjú sókè, tí wọ́n sì bá ojú tí gásíkẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí dọ́gba, ẹ dúró. Ẹ dá àkísà padà sínú ihò.

Ẹ fi ọ̀dà fa àmì sára ṣéènì àti eyín tó kàn án lórí camshaft méjèèjì. Ẹ wá fi cable tie so ṣéènì kúkúrú náà mọ́ gíà méjèèjì kó má lè yẹ̀.

Pípààrọ̀ rẹ̀

Apá kan ni kí ẹ ṣe parí kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Ẹ kọ́kọ́ dẹ bóòtù méjì tó mú tensioner. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí camshaft èéfín, kí ẹ máa dẹ bóòtù àwọn ìdè rẹ̀, ìyẹn àwọn irin tó dè é mọ́lẹ̀, ní ìdajì yíyí, látòpin wá sí àárín, gbogbo wọn bákan náà. Sípíríìngì fáàfù ń ti camshaft náà láti abẹ́, bí ẹ bá kánjú tú ẹyọ kan tán, ìdè tàbí camshaft lè kán. Ìdè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá wọn. Ẹ má fọwọ́ kan camshaft afẹ́fẹ́ rárá, òun ló di ṣéènì gígùn mú.

Bí camshaft èéfín bá ti gbéra díẹ̀, tensioner àtijọ́ á jáde. Ẹ nu ibi tó jókòó sí, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́ pẹ̀lú pínnì tó dì í pa, kí ẹ sì fún bóòtù rẹ̀ ní Nm 12. Ẹ da ọ́ìlì mímọ́ sí ojú tí camshaft ń jókòó sí, ẹ dá a padà, kí ẹ máa fún ìdè rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun, títí dé Nm 10. Ẹ wo àmì ọ̀dà: ó gbọ́dọ̀ wà níbi tí ẹ fi í sí gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yọ pínnì, kí ẹ gé cable tie, kí ẹ sì kà wọ́n kí ọ̀kan má bàa kù sínú ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó ṣíná

Bí ẹ bá ti ṣe apá méjèèjì tán, ẹ yọ gbogbo àkísà, kí ẹ fi ọwọ́ yí crankshaft ní ìyípo méjì gbáko. Bó bá há níbikíbi, ẹ má fi agbára yí i. Ẹ dúró, ẹ padà lọ wo ṣéènì. Lẹ́yìn ìyípo méjì yẹn, àmì ọ̀dà kò ní bá ara wọn mu mọ́. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, bí ṣéènì ṣe rí nìyẹn. Ojú pẹrẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ wò. Bí wọ́n bá tún kọjú sókè dọ́gba, iṣẹ́ ti tọ́nà.

Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dá ìdérí padà, Nm 10. Ẹ yọ fíúsì pọ́ńpù epo, ẹ dá orí bátìrì padà, kí ẹ ta sítátà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ọ́ìlì lè dé inú tensioner. Ẹ wá dá plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti fíúsì padà, kí ẹ ṣíná. Ó lè dún díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kó sì dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́, ẹ paná lójú ẹsẹ̀.

Bí ṣéènì gígùn bá ń mì nígbà tí ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí tí ariwo kò lọ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, tensioner ìsàlẹ̀ àti ike tó ń tọ́ ṣéènì náà ló kù. Ìyẹn ń béèrè pé kí ẹ ṣí gbogbo iwájú ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e fún ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ kọ́ìlì kan lápá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò plọ́ọ̀gì bóyá ọ́ìlì ń jò síbẹ̀.