Ikùn Tó Wú Kọ́ Ni Àrùn Wà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ọmọ Tí Ìfun Rẹ̀ Kò Ní Gáńgílíọ̀nì

Láàbù tí a ti ń gé ẹran ara pẹlẹbẹ, tí a ń fi aró sí i, tí a sì ń wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Òbí tó bá dé fèrèsé wa pẹ̀lú ìgò ẹran ìfun ọmọ lọ́wọ́ ti náwó-nára kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ti ra àgbo, wọ́n ti ra oògùn inú rírun, wọ́n ti pààrọ̀ mílíìkì, wọ́n ti ṣe skáànù ní ilé ìwòsàn yìí àti ní tọ̀hún. Nígbà mìíràn ọmọ náà ti pé ọdún méjì, ikùn rẹ̀ le gbagidi, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín. Owó tó lọ yẹn kì í ṣe owó olówó. Owó àjọ ni, owó ọjà ni, owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ni. Inú ń bí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Àrùn tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Hirschsprung. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ní in ti gbọ́ orúkọ yẹn, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì iṣan-ìmọ̀lára tó wà nínú ògiri ìfun wa lé ní mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì kó ara wọn jọ ní ìdì kéékèèké tí à ń pè ní gáńgílíọ̀nì. Ìpele kan wà láàárín iṣan ẹran méjèèjì tó yí ìfun ká, èyí ni ti Auerbach. Ìpele kejì wà lábẹ́ awọ inú ìfun, èyí ni ti Meissner. Àwọn ló ń darí ìfun, kó fún, kó sì dẹ̀. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, láàárín ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkejìlá, sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí máa ń wọ ìfun láti òkè, wọ́n á máa rìn bọ̀ nísàlẹ̀ títí wọn yóò fi dé ìdí. Bí wọ́n bá dúró lójú ọ̀nà, gbogbo ibi tó kù nísàlẹ̀ ni kò ní ní gáńgílíọ̀nì, ibẹ̀ á sì máa fún pọ̀ láìdẹ̀. Nǹkan bí ọmọ 1 nínú 5,000 ni ó ń ṣe, ó sì pọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ ní ìlọ́po bíi mẹ́rin.

Àṣìṣe kìíní: kí a máa tọ́jú ibi tó wú.

Ikùn ni gbogbo ayé ń rí, ikùn ni wọ́n ń fi òróró pa, ikùn ni wọ́n ń ra oògùn fún. Ìfun tó wú náà ní gáńgílíọ̀nì, ara rẹ̀ le, iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló sọ ọ́ di ràgàjì. Ibi tó dín, tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú lásán lè pè ní ìfun gidi, ibẹ̀ ni àrùn wà. Ọkọ̀ tó tò gbọọrọ ní Mowé kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi kan, tírélà tó dábùú títì ní Ìbàfò ló fà á. Kì í ṣe àwọn òbí nìkan ni èyí tàn jẹ. Harald Hirschsprung fúnra rẹ̀, dókítà àwọn ọmọdé ní Copenhagen, sọ̀rọ̀ ní Berlin ní ọdún 1886 nípa ọmọkùnrin méjì tí àrùn yìí pa, ìfun ńlá tó wú yẹn ló sì gbájú mọ́. Ó tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí Orvar Swenson àti Alexander Bill ní Boston tó gbé iṣẹ́ abẹ kan jáde ní 1948, èyí tó gé ibi tó fún dànù tó sì fa ìfun tó dára sọ̀kalẹ̀ wá sí ìdí. Àwọn ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yè. Ohun tí wọ́n fi ọgọ́ta ọdún wá rèé, ó wá ń dùn mí pé a ṣì ń ra ìpara ikùn.

Àṣìṣe kejì: “Ọmọ tiwa kì í tètè yàgbẹ́.”

Ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó ju ọmọ 90 lọ nínú 100, lára àwọn tí oyún wọn pé oṣù, tó máa ń yà á kí wákàtí 24 tó pé. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí kò tíì jáde, ẹ gbé ọmọ lọ bá dókítà àwọn ọmọdé, pàápàá bí ó bá ń bì omi àwọ̀ ewé. Ó lè má jẹ́ Hirschsprung. Ó lè jẹ́ pé ihò ìdí ò là dáadáa, ó lè jẹ́ ẹṣẹ́ inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid ni kò ṣiṣẹ́ tó. Kò sí èyí tó yẹ kí a máa wò níran nínú wọn. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ máa ń ki ọṣẹ bọ ìdí ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́. Ìgbẹ́ á tú jáde yàà, afẹ́fẹ́ á bá a jáde, gbogbo ilé á ní “Ọlọ́run ṣeun”. Bó ṣe ń tú jáde bí ìka bá kan ìdí yẹn gan-an jẹ́ àmì àrùn náà. Bí dókítà bá bi yín bóyá ọmọ yàgbẹ́, ẹ sọ fún un bóyá ó yà á fúnra rẹ̀ tàbí ẹ fi nǹkan sí i.

Àṣìṣe kẹta ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti oògùn tó ń ṣí inú. Kò sí ohun tí ẹ fún ọmọ lẹ́nu tó lè fi gáńgílíọ̀nì síbi tí kò sí. Ó kàn ń ti ìgbẹ́ mọ́ ibi tó dí ni. Oyin náà kò yẹ ní ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ìbáà jẹ́ inú kíkún ìbáà jẹ́ ohun mìíràn.

Àṣìṣe kẹrin: omi lásán láti ìdí. Fífọ ìfun ní ìlànà. Normal saline, ìyẹn omi iyọ̀ ilé ìwòsàn, tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń lò, nọ́ọ̀sì á fi rọ́bà rírọ̀ rọ ọ́ sínú díẹ̀díẹ̀, á sì rí i pé ó jáde padà. Bí ẹ bá fi ike ẹ́nímà fún omi ẹ̀rọ sínú ọmọ yìí, kò ní jáde. Ìfun á fà á mu, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á dà rú, ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ gìrì. Ti omi ọṣẹ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Skáànù ikùn kò lè fi gáńgílíọ̀nì hàn yín. Ẹ fi owó yẹn pamọ́.

X-ray tí wọ́n ń fi oògùn funfun láti ìdí yà wúlò ní tirẹ̀, torí ó lè fi ibi tí ìfun ti dín àti ibi tó ti fẹ̀ hàn. Ẹ má fọ ìfun ọmọ mọ́ kí wọ́n tó ṣe é o. Bí ẹ bá ti tú ìgbẹ́ rẹ̀ dà tán, ibi tó fẹ̀ á rọlẹ̀, àwòrán á wá dà bíi ti ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe. Nínú ọmọ tuntun, ààlà yẹn lè má hàn rárá, nítorí náà àwòrán tó mọ́ kò tíì dá ẹjọ́ náà.

Ó wá ku èyí tó ń dùn mí jù, ọ̀rọ̀ ẹran tí wọ́n ń gé wá fún wa. Kò sí ohun mìíràn tó ń fìdí àrùn yìí múlẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ nínú ìfun ìdí, kí á gé e pẹlẹbẹ, kí á wá gáńgílíọ̀nì nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù, ibẹ̀ sì ni ọjọ́ ọmọ ti ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń wò. Bí aró bá mú dáadáa, sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ̀nì máa ń tóbi ju àwọn tó yí i ká. Ara rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú àwọ̀ àlùkò díẹ̀, àárín rẹ̀ á rí róbótó, á mọ́lẹ̀, á sì ní ẹ̀kán dúdú kan ṣoṣo láàárín. Wọ́n máa ń tò méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Bí a bá rí ẹyọ kan tó dájú láti ibi tó yẹ, ọ̀rọ̀ Hirschsprung fẹ́rẹ̀ẹ́ parí níbẹ̀. Àmọ́ kí a tó lè sọ pé kò sí, a gbọ́dọ̀ ti wo gígé pẹlẹbẹ tó pọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń tó ọgọ́rùn-ún, tí ìpele Meissner sì pé nínú wọn, kò sì gbọdọ̀ sí ẹyọ kan. Bí okùn ìmọ̀lára tó nípọn bá tún kún ibẹ̀, ọkàn wa á balẹ̀ láti kọ ọ́ sínú èsì pé Hirschsprung ni.

Ẹran wo ni wọ́n wá ń gbé wá? Wọ́n á fá awọ òkè nìkan, nítorí ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ń bà wọ́n. Kò sí Meissner nínú rẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé gáńgílíọ̀nì kò sí ní ibi tí wọn kò gé dé? A ó kọ ọ́ pé ẹran kò tó, òbí á rò pé láàbù ló kùnà, wọ́n á tún san owó tíátà, wọ́n á tún san owó wa. Ẹlòmíràn á gé e sísàlẹ̀ jù, ní ẹnu ìdí gan-an. Ibẹ̀ kò ní gáńgílíọ̀nì púpọ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá pàápàá. Ẹ̀yin dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, ẹ gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 2 ó kéré tán láti orí ìlà tí awọ ìdí ti pàdé awọ ìfun, kí ẹ sì gé e wọnú. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá pé lè tipa àìgbọ́ràn yìí bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ.

Ìgò ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, bàbá ọmọ ni wọ́n ń gbé ẹran fún láti tíátà pé kó lọ wá láàbù. Ọkùnrin kan gbé e dé ọ̀dọ̀ mi nínú òwú tó ti gbẹ, inú ìgò oògùn ikọ́. Ó ti kọ́kọ́ lọ tò sí ilé ìfowópamọ́ kí ó lè sanwó, oòrùn sì mú. Sẹ́ẹ̀lì ti wúnjọ, àárín wọn dúdú biribiri, kò sí ẹ̀dá tó lè dá gáńgílíọ̀nì mọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, kò sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹran máa ń gbẹ. Ìyá kan gba ti ọmọ tirẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, kásíà ti tì, ó wá tọ́jú rẹ̀ sí ibi tó ń dì nínú fìríìjì títí di ọjọ́ Ajé. Yìnyín ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì yángá. Ìyá náà rò pé òun tọ́jú rẹ̀ ni.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ láàbù nígbà tí wọn ò tíì gé e, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀: ṣé inú fọmalíìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ni ẹ fẹ́ ẹ, àbí ní tútù? Bó bá jẹ́ fọmalíìnì, kí oògùn náà pọ̀ ju ẹran lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá ó kéré tán, kí orúkọ ọmọ, ọjọ́, àti ibi tí wọ́n ti gé e wà lára ìgò. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò aró tí wọ́n ń pè ní acetylcholinesterase ni wọ́n fẹ́ ṣe, kò gbọdọ̀ kan fọmalíìnì rárá, ó gbọ́dọ̀ dé láàbù kíákíá. Aró calretinin ń ṣiṣẹ́ lórí ẹran inú fọmalíìnì, ó sì máa ń ran wá lọ́wọ́ gan-an nínú ọmọ tuntun tí gáńgílíọ̀nì rẹ̀ kò tíì gbó, tó kéré, tó rọrùn kí ojú fò ó. Owó ọ̀tọ̀ ni, mo mọ̀. Ó sàn ju kí wọ́n tún gbé ọmọ padà sí tíátà lọ.

Àṣìṣe mìíràn: kí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ ńlá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ ìfun wò láti mọ ibi tí gáńgílíọ̀nì ti bẹ̀rẹ̀. Ìfun tí wọ́n fà sọ̀kalẹ̀ lè jẹ́ èyí tí kò ní. Ìyà kan náà ni ọmọ á padà máa jẹ.

Wọ́n sì máa ń dá ìyá lẹ́bi, pé ó jẹ ohun tí kò yẹ nínú oyún, tàbí pé ayé ló fi ṣe é. Ẹ má gbà fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, irú ẹṣin alámì kan wà tí wọ́n ń pè ní overo. Bí akọ àti abo tó gbé àbùdá kan náà bá gùn, ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin lè jáde ní funfun báláú, ojú rẹ̀ á jẹ́ búlúù, kò ní lè yàgbẹ́, ọjọ́ díẹ̀ ni á fi kú. Ìfun rẹ̀ kò ní gáńgílíọ̀nì. Àbùdá tí wọ́n ń pè ní EDNRB ló yí padà, ìran sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe gáńgílíọ̀nì náà ló sì ń ṣe àwọ̀ ara. A rí ọmọ ènìyàn náà tó ní irun iwájú funfun, tí etí rẹ̀ di, tó sì tún ní Hirschsprung. Ta ló wá fi ayé ṣe ẹṣin? Èyí tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ sọ fún dókítà nígbà tí oyún míì bá dé, nítorí pé ewu rẹ̀ fún àbúrò ga ju ti ọmọ ẹlòmíràn lọ.

Àgbàlagbà tó ń ka èyí nítorí pé òun kì í yàgbẹ́ dáadáa, ẹ má sáré lọ gé ìfun yín. Ní Brazil, kòkòrò àìrí tó ń fa àrùn Chagas, èyí tí Carlos Chagas ṣàwárí ní 1909, lè pa gáńgílíọ̀nì ìfun àgbà run títí ìfun á fi wú. Ẹni tí kò bá gbé níbi tí kòkòrò yẹn wà, ohun mìíràn ló yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Iṣẹ́ abẹ tún ti parí, ẹ rò pé ó tán. Bí ìgbẹ́ gbuuru tó ń rùn gan-an bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí ikùn tún wú, tí ara gbóná, tí ọmọ sì ń rọ̀ jọwọrọ, ẹ má ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró ní kẹ́mísì, ẹ má sì sọ pé eyín ló fẹ́ hù. Ìfun ló ti wú kíkan nínú, ó lè pa ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìbáà jẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ìbáà jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn kan náà. Ẹ mú èsì láàbù àti ìwé iṣẹ́ abẹ dání, torí dókítà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru kò mọ ọmọ yín rí. Inú báàgì nápì ọmọ ni kí ẹ tọ́jú ìwé náà sí, kì í ṣe inú káńbọ́ọ̀dù bàbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn.