Bí mo ṣe kọ́ ẹ̀rọ ìwákiri láti ya oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀

Bàbá kan ládùúgbò wa ní Ìbàdàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ìwé tí wọ́n ti ń kó jọ láti bí ogójì ọdún kún yàrá méjì, ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti dé abẹ́ ibùsùn. Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Àbúrò wọn obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé rí ti bá wọn kọ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ìwé kan, rẹ́kọ́ọ̀dù kan, ó jẹ́ 2,140. Ohun tí Bàbá wá fẹ́ kò le létí: "Kí n ṣáà tẹ ọ̀rọ̀ kan, kí ìwé tí mò ń wá jáde. Ṣé ìyẹn náà nira ni?"

Mo ní kò nira, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi san gbèsè gbólóhùn yẹn.

Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbọọrọ bíi lẹ́tà. MARC ni, ìlànà tí Library of Congress ti Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 tí àwọn ilé ìkàwé káàkiri ayé ṣì ń lò. Àpò àpò ni wọ́n pín in sí, àpò kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀: 100 ni orúkọ òǹkọ̀wé, 245 ni àkọlé, 260 ni ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé àti ọdún rẹ̀, 650 ni ohun tí ìwé dá lé, 651 ni ìlú tàbí ibi tí ìwé dá lé. Ẹni tí kò bá ka àwọn àpò yìí sí yóò jìyà. Ẹ jẹ́ ká ní Bàbá ń wá ìwé lórí ìtàn Ìbàdàn. Tí ẹ̀rọ bá kàn ń wá "Ìbàdàn" níbi gbogbo, ìwé rẹpẹtẹ yóò tú jáde, torí pé Ìbàdàn náà ni wọ́n ti tẹ ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá. Ẹ̀rọ tó mọ̀ pé Ìbàdàn tó wà ní 651 kì í ṣe Ìbàdàn tó wà ní 260 ni mo nílò.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú Zebra, ẹ̀rọ ìwákiri kan. Ilé iṣẹ́ Index Data ní Copenhagen, ní Dẹ́ńmáàkì, ló ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, kọ́dù rẹ̀ sì wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ tú u wò. Òun náà ló wà lábẹ́ Koha, ètò ilé ìkàwé tó ti Niu Sílándì wá, ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Ẹnìkan bi mí pé kí ló dé tí n kò kúkú gbé Koha wá lódidi. Koha ń ṣètò ìyáwó ìwé, owó ìtanràn, káàdì ọmọ ẹgbẹ́. Bàbá kì í yá ẹnikẹ́ni níwèé. Kò sídìí láti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún ẹni tó ń wá yàrá kan.

Fífi sórí kọ̀ǹpútà kò gba àsìkò. Lórí Debian, oríṣi Linux tí mò ń lò, idzebra-2.0 ni orúkọ rẹ̀, apt, ètò tó ń gbé sọ́fítíwià wá, gbé e wá, ó parí. Fáìlì kan tó ń jẹ́ zebra.cfg ni ó ń kọ́kọ́ kà. Tèmi kò ju ìlà díẹ̀ lọ:

profilePath: .:/usr/share/idzebra-2.0/tab
recordType.xml: dom.filter-dom.xml
storeData: 1
storeKeys: 1
register: register:1G
shadow: shadow:1G

Lẹ́yìn náà ni fáìlì XSLT, èdè tí a fi ń tún fáìlì XML tò, tó ń sọ fún un pé ohun tó bá rí ní 245, kó fi sí "akole". Ohun tó bá rí ní 650 tàbí 651, kó fi sí "koko". Atọ́ka ni à ń pe irú àkójọ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ ń wò láti rí ìwé. A lè da àpò kan sí atọ́ka méjì tàbí mẹ́ta nígbà kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló gbà mí sílẹ̀ nígbẹ̀yìn.

zebraidx ni apá Zebra tó ń kọ atọ́ka. Mo tẹ zebraidx init, mo tẹ zebraidx update, mo wá ìwé, kò sí nǹkan kan. Òdo. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i kí n tó rántí pé ìlà shadow tí mo kọ fúnra mi ni. Tí ìlà yẹn bá ti wà, ibi ìkọ̀kọ̀ ni Zebra ń kọ́kọ́ kọ gbogbo àtúnṣe sí, kí iná má bàa lọ láàárín kó ba atọ́ka jẹ́, àfi tí a bá tẹ zebraidx commit ni yóò tó gbé e síta. Pẹ̀lú iná tiwa níbí, n kò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Mo tẹ commit, ìwé jáde, ṣùgbọ́n mẹ́ta mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jáde. N kò tíì sọ fún un ohun tó fi lè dá rẹ́kọ́ọ̀dù kan mọ̀, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ update, ìwé tuntun ló rò pé mo gbé wá. Mo fi nọ́ńbà inú àpò 001 ṣe ìdánimọ̀, mo nù ún mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wá wà gan-an nìyí.

Mo tẹ "ọkọ̀" lórí kọ̀ǹpútà mi, ìwé mẹ́rin jáde. Bàbá tẹ "ọkọ̀" kan náà lórí fóònù wọn, ìwé mọ́kànlá jáde. Lójú, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Lẹ́tà ọ tó ní àmì lábẹ́ lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo ní nọ́ńbà, U+1ECD. Ó sì lè jẹ́ o lásán pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó dá dúró, U+0323. Ọ̀ tó ní àmì lábẹ́ àti lórí kò tilẹ̀ ní ẹyọ tirẹ̀, àmì orí gbọ́dọ̀ wá lọ́tọ̀ ni. Àbúrò Bàbá tún fẹ́ràn ìlà kékeré olóòró, U+0329, dípò ojúàmì, torí pé òun ló jọ ti inú ìwé àtijọ́. Mo ka oríṣi mẹ́rin tí wọ́n gbà kọ lẹ́tà Ọ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn. Ẹni kan ṣoṣo ló kọ ọ́ o!

Zebra fúnra rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ èdè Dẹ́ńmáàkì náà. Èyí tó bá ni kó mú lẹ́tà wo sí ọ̀kan náà, òun ló ń mú. Inú fáìlì kékeré kan ni a ti ń sọ ọ́ fún un, tí a ń pè ní icu_chain. Èyí ni mo kọ́kọ́ fi síbẹ̀:

<icu_chain locale="en">
  <transform rule="[:Control:] Any-Remove"/>
  <tokenize rule="w"/>
  <transform rule="[[:WhiteSpace:][:Punctuation:]] Remove"/>
  <transform rule="NFD; [:Nonspacing Mark:] Remove; NFC"/>
  <casemap rule="l"/>
</icu_chain>

Ìlà tó ní NFD ló ń ṣiṣẹ́ tó le. NFD tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, àmì orí lọ́tọ̀, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Remove gbá gbogbo àmì dànù. NFC kó èyí tó kù jọ padà. Ètò kan wà tó ń jẹ́ yaz-icu tí a fi lè dán an wò láìfọwọ́ kan atọ́ka. Mo fún un ní "Ọkọ̀ ojú omi", ó dá "oko", "oju", "omi" padà fún mi. Mo fún un ní oríṣi mẹ́rin yẹn, "oko" ni gbogbo wọn. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ọ̀nà kan náà tí ìwé gbà wọlé ni ìbéèrè ń gbà wọlé, nítorí náà bó ti wù kí Bàbá tẹ̀ ẹ́, wọn yóò pàdé.

Mo rí i pé mo tún lè fi àkọtọ́ àtijọ́ kún un. Ọ̀pọ̀ ìwé Bàbá ti jáde ṣáájú àkọtọ́ 1974, nítorí náà "aiye" ni wọ́n kọ, kì í ṣe "ayé", "enia" ni, kì í ṣe "ènìyàn", àwọn kan sì kọ Oshun fún Ọ̀ṣun. Mo fi ìlà transliterate kan sí ìsàlẹ̀: sh di s, aiye di aye, enia di eniyan. Ó túmọ̀ sí pé Armenia ti di "armeniyan" nínú atọ́ka wa. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, torí ẹni tó bá wá Armenia, "armeniyan" náà ni ẹ̀rọ yóò bá a wá. Ẹ má gbàgbé pé ìgbàkígbà tí a bá yí fáìlì yìí padà, a ní láti kọ atọ́ka tuntun látòkèdélẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù 2,140 kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, n kò ráhùn.

Mo pe Bàbá kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé awò wọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀. Wọ́n tẹ "oko".

Ìwé lórí bí obìnrin ṣe lè tọ́jú ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ọkọ̀ ojú irin tẹ̀ lé e. Ọ̀kọ̀ àwọn jagunjagun, ọkọ́ àti àdá, oko náà wà níbẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀kan tilẹ̀ wà nínú ìwé ìṣègùn tí n kò ní kọ síbí, àgbà ò ní pe irú rẹ̀ níwájú ọmọdé. Bàbá yọ awò. "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ lo gbá dànù yìí?"

Wọ́n sọ òótọ́. Mo ti ka ìmọ̀ràn púpọ̀ lórí kíkó Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà tó ní ká ṣáà yọ àmì kúrò, ó tán. Ìlàjì òótọ́ ni. Ẹni tó ń fi fóònù tẹ nǹkan kò ní fi àmì sí i, a ò sì gbọ́dọ̀ torí ìyẹn lé e padà lófìfo. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi àmì sí i mọ ohun tó ń wí.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo da àkọlé àti kókó sí atọ́ka kejì. Kí ìlà tó ń gbá àmì dànù má bàa rí wọn gbá, mo kọ ètò Python kékeré kan tó ń sọ àmì di lẹ́tà àti nọ́ńbà kí rẹ́kọ́ọ̀dù tó dé ọ̀dọ̀ Zebra. Àmì ìsàlẹ̀ di x, torí Yorùbá kò ní x. Ohùn ìsàlẹ̀ di 1, ohùn òkè di 3. Ìlà olóòró àbúrò Bàbá ni mo kọ́kọ́ sọ di ojúàmì kí ohunkóhun tó bẹ̀rẹ̀. Báyìí, oko dúró bó ṣe wà, ọkọ di oxkox, ọkọ́ di oxkox3, ọkọ̀ di oxkox1, ọ̀kọ̀ sì di ox1kox1. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí i. Ojú ìwé kékeré tí Bàbá ń tẹ ọ̀rọ̀ sí ló ń ṣe ìyípadà kan náà kó tó béèrè lọ́wọ́ zebrasrv, apá Zebra tó ń dáhùn ìbéèrè.

Ìṣòro kan tún yọjú. Oko kò ní àmì kankan, ọkọ kò sì ní àmì ohùn. Tí ẹnìkan bá tẹ "oko", báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá oko ló ń wí ní tòótọ́ tàbí ó kàn ya ọ̀lẹ? Kò ṣeé mọ̀. Mo jáwọ́ nínú àtimọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ojú ìwé náà ń béèrè báyìí: ó kọ́kọ́ béèrè ní atọ́ka tó gún, ó tẹ èyí tó bá rí sókè, lẹ́yìn náà ló béèrè ní atọ́ka tí kò ní àmì, ó sì to ìyókù sísàlẹ̀. Nínú Zebra, tí ẹnìkan bá tẹ "ọkọ̀", bí ẹni ń kọ ọ́ nìyí:

find @attr 1=akole_gangan oxkox1
find @attr 1=akole @attr 2=102 oko

102 yẹn ni pé kó fi èyí tó bá ìbéèrè mu jù ṣíwájú. @attr 5=1 náà wúlò, ó ń jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó, kí "itan" lè mú "ìtànkálẹ̀" wá. Ìyókù wà nínú ìwé ìlànà wọn, n kò lò ó.

Àfi scan. Ká ní mo mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kìíní ni, òun ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀. Scan kì í wá ìwé, inú atọ́ka gan-an ló ń ṣí hàn yín, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tò-tẹ̀lé-ra pẹ̀lú iye ìgbà tó wà. Mo ṣí ti àpò ìlú ìtẹ̀wé:

ibadan (212)
ibadna (1)
ibdan (3)

Ó dà bí ìgbà tí a gbé ibùsùn tí a sì rí gbogbo ohun tó ti sọnù. Mo jókòó pẹ̀lú àbúrò Bàbá ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, a ń lọ láti a dé y, a rí àṣìtẹ̀ tó lé ní ọgọ́rin, orúkọ òǹkọ̀wé kan tí wọ́n kọ ní ọ̀nà márùn-ún, àti ìwé kan tó jẹ́ pé ọdún 2091 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà," ó ní, "ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni."

Bàbá padà wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n tẹ "oko". Ìwé àgbẹ̀ mẹ́fà jókòó sókè, àwọn ọkọ àti ọkọ̀ sì dúró lábẹ́ ìlà. Wọ́n mi orí. Wọ́n nawọ́ sí ìkẹta, ìwé lórí gbígbin iṣu tí wọ́n ní àwọn ti ń wá fún ọdún mẹ́rin.

"Ó dáa. Níbo ló wà?"

Mo wo rẹ́kọ́ọ̀dù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. MARC ní àpò fún un, 852, ibi tí ìwé ń gbé. Kò sí ọ̀kankan nínú 2,140 tó ní nǹkan kan nínú àpò yẹn. Sátidé tó ń bọ̀, a máa bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ibùsùn.