Ojú Ẹlẹ́mu Ni Kí Ẹ Fi Wo Real Ale

Ẹni tó bá ti ra ẹmu rí ní Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé kò nílò olùkọ́ púpọ̀ kó tó lè mọ real ale, irú bíà àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan, tó dára ní ilé ọtí wọn. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni méjèèjì. Ẹmu tí adẹ́mu gbé sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ní ìdájí, bó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti le, bó bá di ọjọ́ kejì ó ti ń kan, nítorí ìwúkàrà inú rẹ̀ kò sinmi. Real ale náà ní ìwúkàrà tirẹ̀, inú àgbá tí wọ́n ti ń tà á gan-an ló ti ń parí iṣẹ́. Ohun tó ń da àwọn èèyàn wa láàmú níbẹ̀ ni pé ojú bíà inú fìríìjì ni wọ́n fi ń wò ó: wọ́n á fẹnu kàn án, wọ́n á ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á ní kò hó, wọ́n á gbé e tì.

Ẹ kọ́kọ́ dá a mọ̀ lórí káńtà. Real ale ni èyí tó ní ọwọ́ gígùn tó nà ró, tí ẹni tó ń tà á ń fà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ife tó kún. Àmì kan wà níwájú ọwọ́ náà tó ń sọ orúkọ bíà náà àti bó ṣe le tó. Bí wọ́n bá yí ojú àmì yẹn sẹ́yìn, bíà náà ti tán tàbí kò tíì ṣe é mu. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n kàn ń ṣí, tí ọtí ń tú jáde fúnra rẹ̀, ti keg ni. Keg tiwọn kì í sì í ṣe kẹ́ẹ̀gì ẹmu tiwa o! Àgbá irin ni, gáàsì ni wọ́n fi ń ti ọtí inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì ti sẹ́ ìwúkàrà kúrò nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Nígbà tí irú bíà yìí fẹ́ gba gbogbo ilé ọtí ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin kan dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ lọ́dún 1971, kí real ale má bàa parun.

Iṣẹ́ tó gbẹgẹ́ jù wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àgbá sí, níbi tí ẹ ò lè rí. Àgbá tí wọ́n sábà ń lò, firkin, ń gba gálọ́ọ̀nù 9, ìyẹn páìntì 72. Ó ju kẹ́ẹ̀gì ẹmu onílítà 25 kan àbọ̀ lọ. Wọ́n á dá a dùbúlẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ mì í mọ́, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ apọntí ń fi sí i kó lè tètè tòrò ni isinglass, tí wọ́n ń ṣe láti ara àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja, nítorí náà kí ẹni tí kì í jẹ ẹja béèrè. Wọ́n á wá fi èèkàn igi rírọ̀ kékeré sí ihò òkè àgbá kí gáàsì tó pọ̀ jù lè jáde. Tó bá tó, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ ti ilé ọtí lálẹ́, wọ́n á fi èèkàn líle dí i. Bí wọ́n bá gbàgbé èèkàn líle yẹn, bíà á kú, á rí tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu bí omi ṣíṣàn.

Bí wọ́n bá ti ń fa ọtí jáde ni afẹ́fẹ́ ń wọlé dípò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àgbá tí wọ́n ti ṣí tán láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ ka èèyàn kí ẹ tó ka orúkọ bíà. Ilé ọtí tó ní ọwọ́ mẹ́jọ lórí káńtà, tí oníbàárà rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, ẹ fura sí i. Ọwọ́ méjì níbi tí èrò pọ̀ sí sàn jù ú lọ fíìfíì. Ẹ má sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa mu bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn, àfi bí ẹ bá rí i pé wọ́n da èyí tó sùn sínú páìpù mọ́jú nù.

Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní díẹ̀ tọ́ wò kí ẹ tó rà. Ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ibi, kò sì tini lójú. Páìntì kan jẹ́ mílílítà 568. Ẹ lè ra ìdajì, tàbí ìdámẹ́ta níbi tí wọ́n bá ti ní ife rẹ̀.

Ẹ gbé ife sókè sí ojú fèrèsé. Ẹmu tiwa funfun bí omi ògì, kò burú. Real ale ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tòrò, àfi èyí tí apọntí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó rú, ẹ béèrè. Bí ìfófó bá nípọn lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì fẹ́lẹ́ lápá gúúsù rẹ̀, àṣà ni, kì í ṣe àléébù. Ṣùgbọ́n bí èéhó kéékèèké bá lẹ̀ mọ́ ara ife nínú ọtí, ife náà ni wọn kò fọ̀ dáadáa.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ọtí kíkan: afẹ́fẹ́ ti pẹ́ nínú àgbá. Òórùn páálí tó rin: ó ti gbó. Òórùn bíi ti oògùn apakòkòrò ilé ìwòsàn: ó ṣeé ṣe kí páìpù dọ̀tí. Òórùn ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá lára bíà Burton upon Trent, omi ìlú náà ló fà á. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mu fẹ́ràn rẹ̀.

Ó kù kí ẹ mu ún. Ìwọ̀n 11 sí 13 lórí Celsius ló yẹ kó wà. Ẹ ronú sí omi inú àmù ìyá àgbà ní òwúrọ̀ ọyẹ́: ó tutù, kò dì yín léyín. Ó yẹ kó ta yín lórí ahọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì da kíkorò pọ̀ mọ́ kíkan. Hops, òdòdó kan tí wọ́n fi ń pọn bíà, ló ń mú un korò, bí orógbó ṣe ń korò tí adùn sì ń tẹ̀lé e. Real ale bíi Harvey's Sussex Best àti Timothy Taylor's Landlord korò báyìí, wọ́n sì dùn. Bó bá kan, ó ti bàjẹ́.

Bó bá bàjẹ́, ẹ dá a padà nígbà tí ife ṣì kún. Ẹ má pariwo bí ẹni ń ná ẹmu lọ́jà. Ẹ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ẹ rò pé ó ti ń kan, wọ́n á sì pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní bí real ale ṣe ń rí nìyẹn, irọ́ ni, ẹ gba ibòmíì lọ. Àwọn CAMRA ń fún ife ní máàkì láti 0 dé 5: èyí tí kò ṣe é mu gba 0, èyí tó dára gba 3. Ẹni tó bá ń fún gbogbo ife ní 5 kò tíì mu púpọ̀.

Àgbá kò ṣe é gbé wá sí Adó-Èkìtì. Èyí tó lè dé ni ìgò tí wọ́n kọ "bottle conditioned" sí lára, nítorí ìwúkàrà ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í nàró síbi tó tutù fún ọjọ́ kan, ó kéré tán. Ẹ dẹ ife, kí ẹ rọra dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láì gbé ìgò dúró, kí ẹ sì dáwọ́ dúró bí ẹ bá ti rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ń sún bọ̀ lọ́rùn ìgò.