Bí a ṣe lè ran èrò tí ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà Òbàjànà lọ́wọ́

Òkun o, ẹ̀yin ará. Tí ọkọ̀ èrò bá bàjẹ́ láàárín Òbàjànà sí Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọmọdé ni ìyà oòrùn máa ń jẹ jù. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má kọjá wọn.

Ẹ fi àpò píọ́ wọ́tà, ṣúgà, iyọ̀ àti ṣíbí tíì kan sínú ọkọ̀ yín. Tí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, ẹ fọwọ́, kí ẹ da ọ̀rá omi 2 tí wọ́n kọ 50cl sí lára (lítà 1 nìyẹn) sínú ike mímọ́. Ṣúgà ṣíbí 6, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí. Kí ṣíbí kún dọ́gba, kó má ga gègèlè. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọ, ṣúgà tó bá pọ̀ jù á tún dá kún ìgbẹ́ náà. Ẹ tọ́ ọ wò: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ká máa fún un. Tó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dákú kò gbọdọ̀ mu nǹkan kan: ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn kíá.

Owó ọkọ̀ míì tó máa gbé wọn lọ ńkọ́? Ẹ san án fún awakọ̀ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya àwọn èrò náà ní fọ́tò; Mátíù 6:3 ti ní tí a bá ń ṣàánú, kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ pe olórí àdúgbò tàbí ọlọ́pàá kí ẹ tó mú àlejò wọlé sùn.