Bí Eyín Ríro Kò Ṣe Ní Gbé Yín Dé Ẹ̀ka Pàjáwìrì Lóru

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbé dé ẹ̀ka pàjáwìrì lóru nítorí eyín ni eyín wọn ti ń fún ní àmì tipẹ́tipẹ́. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru kì í sábà jẹ́ dókítà eyín. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ kò ju oògùn ìrora àti èyí tó ń pa kòkòrò lọ, eyín tó bàjẹ́ yóò sì wà níbẹ̀ títí ìrora yóò fi padà. Ẹni tó ti Ìgbàjà tàbí Òmù-Àrán wọkọ̀ wá sí Ìlọrin yóò ná owó ọkọ̀, owó káàdì àti owó oògùn, síbẹ̀ yóò gbé àìsàn náà padà sílé.

Nítorí náà, bí omi tútù bá ti ń ta eyín yín, tí oúnjẹ ń há síbì kan náà lójoojúmọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nígbà tí ẹ bá ń fọ ẹnu, ẹ lọ rí dókítà eyín ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Lásìkò yìí, bí eyín bá ti ní ihò, ó ṣeé ṣe kó ṣì kéré, wọ́n sì lè dí i láìyọ eyín. Bí ó bá jinlẹ̀ dé iṣan, ìrora kò ní jẹ́ kí ẹ sùn, lẹ́yìn náà ó lè ṣàdédé dáwọ́ dúró. Ibí yìí gan-an ló ń tan èèyàn jẹ: wọ́n á ní ara ti yá, bẹ́ẹ̀ iṣan eyín náà ló ti kú, tí ọyún sì ń kóra jọ sí ìdí rẹ̀ nínú egungun.

Ẹ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní gúúsù Kwara, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín bóyá dókítà eyín máa ń wá síbẹ̀ àti ọjọ́ wo. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ìbánigbófò ìlera Kwara, ẹ béèrè ìtọ́jú eyín tó wà nínú rẹ̀ kí eyín tó ro yín. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí bí ẹ bá lóyún. Oyún kò dí ìtọ́jú eyín lọ́wọ́.

Nílé, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlọ́ráìdì (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ọ̀kan jẹ́ kí ẹ tó sùn. Nínú ààwẹ̀, ẹ fọ ọ́ lẹ́yìn sàárì kí ẹ tó padà sùn. Kò sí ohun tó burú nínú orín àtà, ó dára, àmọ́ kò ní fúlọ́ráìdì tó pọ̀ tó ti ọṣẹ ìfọyín, ó sì ṣòro kó dé eyín ẹ̀yìn dáadáa. Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọ tó tó nǹkan bí ọdún 6: eyín ńlá tó ń yọ lẹ́yìn pátápátá nígbà náà kì í ṣe eyín àkọ́hù, bó bá bàjẹ́, òmíràn kò ní hù.

Bí ìrora bá ká yín mọ́lé, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ gba parasítámọ́ọ̀ lè lo 2 oní-500mg ní wákàtí 6 sí 6, kó má ju 8 lọ lóòjọ́. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tí ẹ po iyọ̀ díẹ̀ sí yọ ẹnu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi asipirín, omi bátìrì tàbí kẹrosíìnì sí eyín, nítorí wọ́n ń jó ẹran ẹnu. Ẹ má sì fúnra yín ra oògùn apakòkòrò ní kẹ́míìsì.

Àmọ́ bí abẹ́ àgbọ̀n tàbí ọrùn bá wú, tí ẹnu kò ṣe é là, tí itọ́ kò ṣe é gbé mì, tí èémí ń ṣòro tàbí tí ibà gbóná mọ́ ọn, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́. Wíwú yẹn lè dí ọ̀nà èémí, ẹ̀ka pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lóru náà. Ẹni tí eyín àgbàlagbà rẹ̀ já bọ́ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà náà kò gbọdọ̀ dúró: kí ó di orí eyín náà mú, kó má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀, kó rọra ṣàn án, kó tì í padà sáyè rẹ̀ tàbí kó fi sínú mílíìkì, kó sì dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín 30 ìṣẹ́jú bó bá ṣeé ṣe. Ti eyín àkọ́hù kò rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í dá a padà.