Sítéèkì ₦18,000 ní Iléṣà: ṣé owó náà tọ́ sí i?

Ilé oúnjẹ olówó ńlá kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan níbí ní Iléṣà, sítéèkì sì ni wọ́n fi ń yangàn. Mo ní n ó lọ wò ó, ṣùgbọ́n n kò dá lọ. Àbúrò ìyá mi ni mo mú dání. Bàbá Alápatà ni gbogbo wa ń pè wọ́n, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta ẹran ní ọjà Atákúnmọ́sà kí wọ́n tó fa àtẹ lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n rẹ́ òun jẹ nídìí ẹran, irú wọn ni kó mú lọ.

Mẹ́nù dé. Ribeye, ₦16,000. Fillet, ₦18,000. Gíráàmù 250 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá gbé ìwé náà jìnnà sójú, wọ́n tún un kà.

"Ìdámẹ́rin kílò? Ṣé ẹran ni àbí wúrà Ìperindó?"

Mo bi ọmọ tó ń gbé oúnjẹ léèrè ibi tí ẹran wọn ti wá. "Màlúù ilé ni, sà." Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹran màlúù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà kó wọ Nàìjíríà, nítorí náà ilé oúnjẹ tó bá ń fọ́nnu pé ti Ajẹntínà ni òun ń tà, ó yẹ kí oníbàárà bi í pé ọ̀nà wo ló gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n màlúù ilé náà ní tirẹ̀. Àwọn màlúù funfun oníwo gígùn tí à ń rí yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń wá koríko kiri, ọ̀rá inú iṣan wọn kò pọ̀. Ribeye sì rèé, ibi ìhà ni wọ́n ti ń gé e, ọ̀rá tó fọ́n ká inú rẹ̀ ló ń yọ́ tó fi ń rọ̀. Fillet yàtọ̀. Abẹ́ egungun ẹ̀yìn, nínú lọ́hùn-ún, ló sùn sí. Bí màlúù rìn láti Sókótó dé ibí, ìwọ̀nba ni iṣẹ́ tó kàn án níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọ̀.

"Méjì péré ni màlúù kan ní," ni Bàbá wí. "Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àwa a kàn máa gé e mọ́ ẹran yòókù ni."

A ra méjèèjì, ribeye kan, fillet kan, ká lè fi wéra.

Gíláàsì ni wọ́n fi pààlà ilé ìdáná, nítorí náà a rí gbogbo ẹ̀. Alásè fi aṣọ nu ẹran náà gbẹ táútáú, ó bu iyọ̀ lé e, ó sì gbé e sórí páànù irin tó ti ń rú èéfín. Ariwo tó ta, a gbọ́ ọ níbi tí a jókòó sí. Kò fọwọ́ kàn án títí abẹ́ rẹ̀ fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó yí i padà, ó ju bọ́tà àti aáyù sí i, ó ń fi ṣíbí bu bọ́tà náà dà á lórí. Lẹ́yìn náà ló gbé e sórí pákó, ó sì fi í sílẹ̀.

"Kí ló tún ń dúró dè?" Bàbá ti ń kánjú. Ọmọ náà ní bí wọ́n bá gé e lójú ẹsẹ̀, omi inú rẹ̀ á ṣàn dà nù.

Medium la ní kí wọ́n ṣe é, ìyẹn ni pé inú rẹ̀ gbóná tó nǹkan bí 60°C, tó sì pọ́n díẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi Bàbá sí kí wọ́n tó gbà, well done, èyí tó jinná délẹ̀, ni wọ́n fẹ́. Nígbà tí omi pupa jáde, mo rò pé wọ́n á sún àwo náà sẹ́yìn. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ kọ́ nìyí. Ibi tí wọ́n ti dúńbú rẹ̀ lẹ̀jẹ̀ dà sí." Òótọ́ ni: omi ni, pẹ̀lú èròjà pupa inú iṣan tí wọ́n ń pè ní myoglobin.

Fillet náà rọ̀ débi pé ọ̀bẹ ò ṣe wàhálà kankan, èèpo òde rẹ̀ sì ń ta sánsán bí ẹran àyangbẹ. Bàbá jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ribeye ní tirẹ̀, adùn wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro mí kí n tó jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Bíìlì wáyé. Ẹran, ₦34,000. Omi méjì, ₦2,000. Sóbò ife méjì, ₦7,000. Owó iṣẹ́ àwọn tó gbé oúnjẹ (service charge), ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦4,300. VAT 7.5%, ₦3,225. Àpapọ̀, ₦50,525. Ọmọ Òṣómàáló ni mí, mo tún un ṣírò. Yàtọ̀ sí ẹran, ohun tí a san jẹ́ ₦16,525, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó fillet kan sí i. Owó fillet yẹn ò dùn mí: ọwọ́ alásè ni mo san lé lórí, mi ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀ nílé. Ti ribeye dùn mí. Ti sóbò ló bí mi nínú. ₦3,500 fún ife kan, ní ìlú tí sóbò ò ti wọ́n létí títì!

Bí mo bá tún padà lọ, fillet àti omi nìkan ni. Bàbá ní òun ò ní bá mi lọ mọ́, pé òun á ní kí ọmọ òun máa yọ fillet sọ́tọ̀ fún mi lọ́jàa wọn. Kí n má pa owó rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹran lásán o. Wọ́n ti fowó lé e kí a tó dé ibi tí a gbé ọkọ̀ sí.